Omi Kì Í Gbàgbé Ọ̀nà Rẹ̀: Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Fowó Àjọ Ra Ilẹ̀ Etí Ọ̀sà

Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ o. Ilẹ̀ etí omi ni, èyí tí wọ́n ń da yanrìn sí, tí wọ́n ń fi okùn wọ̀n, tí wọ́n sì ń tà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ.

Ẹni tó dá àjọ fún ọdún mẹ́ta kó tó rí owó ilẹ̀ san, ṣé ó yẹ kó tún máa fi abọ́ gbọ́n omi jáde nínú pálọ̀ lóru? Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti ń gbé orí omi kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ sìmẹ́ǹtì. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́lé tí omi kò fi gbé e lọ? Bí a bá mọ ìyẹn, a ó mọ ohun tó ń ba etíkun wa jẹ́ lónìí, a ó sì mọ ìbéèrè tó yẹ ká bi onílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

BÍ ÀWỌN ÌLÀJẸ ṢE Ń KỌ́LÉ

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ìsàlẹ̀ Igbókòdá lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá ti pàdé òkun. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń gbẹ́ fandéṣọ̀n. Ẹrẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á gba ẹsẹ̀ yín dé orúnkún. Omi á kún, omi á tún fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Igi ni wọ́n fi ń kọ́lé níbẹ̀. Wọ́n á gé òpó gígùn, igi tó le, tó sì ti mọ omi lára, irú bí igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀. Èèyàn méjì mẹ́ta á gbé òpó náà nàró, wọ́n á máa mì í sọ́tùn-ún, wọ́n á máa mì í sósì, wọ́n á máa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí yóò fi rì wọ inú ẹrẹ̀, tí yóò sì kan ibi tó le nísàlẹ̀. Bó bá ti kan ibẹ̀, ọwọ́ tó ń mì í á mọ̀. Òpó náà ò ní gbọ̀n mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á to igi ìdábùú sórí òpó, wọ́n á fi okùn dì í, wọ́n á wá tẹ́ pákó tàbí ọ̀pá ògùrọ̀ sórí rẹ̀ bí ẹní. Ọ̀pá ògùrọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe ògiri. Ewé ògùrọ̀ tí wọ́n ran pọ̀ ni wọ́n fi ń bo orí ilé, kí páànù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé. Inú ilé yìí náà ni àwọn obìnrin ti ń yan ẹja o. Wọ́n á fi amọ̀ tẹ́ ìdí ààrò kí iná má baà ran pákó. Láti ẹnu ọ̀nà ilé kan sí èkejì, afárá pákó ni. Ibi tí kò bá sí afárá, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè wò ó kó ní ilé òtòṣì nìyí. Ẹ má wí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n kìíní, ilé náà fúyẹ́. Ẹrẹ̀ kò lè gbé búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá kó búlọ́ọ̀kù lé e, apá kan á rì, apá kan á dúró, ògiri á sì sán. Ọgbọ́n kejì, ìsàlẹ̀ ilé ṣófo. Bí omi bá dé, ìsàlẹ̀ ló ń gbà kọjá, ó ń kí onílé ó sì ń lọ. Ọgbọ́n kẹta, bí òpó kan bá jẹrà, òpó kan ni wọ́n á pààrọ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá wó gbogbo ilé. Ọgbọ́n kẹrin ló tóbi jù: bí omi bá yí ọ̀nà padà, onílé lè tú ilé rẹ̀ palẹ̀, kó di í sínú ọkọ̀, kó sì lọ gbé e nàró níbòmíràn. Èwo nínú àwọn ilé alájà mẹ́ta tí à ń kọ́ sí etí ọ̀sà ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ló ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó kọ́ irú ilé yìí kò bá òkun du ilẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ fún un ni.

ÀWỌN BÀBÁ WA NÁÀ TÚN OMI ṢE

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ará àtijọ́ kàn jókòó kí omi máa ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn náà fọwọ́ kan omi, wọ́n sì yí ojú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni.

Ẹ wo àwọn Ègùn tó ń pẹja lójú ọ̀sà Èkó àti títí dé ilẹ̀ Benin. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á rì í mọ́ inú omi tí kò jìn, á pọ̀ bí igbó kékeré. Akaja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á wá síbẹ̀ wá sá pamọ́, á wá jẹun, á wá pamọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó ẹja. Ṣùgbọ́n igi yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ó ń dá ẹrẹ̀ tí omi ń gbé lọ dúró. Nígbà tó bá pẹ́, ibẹ̀ á máa ga. Ní Ganvié, ìlú orí omi tó wà lójú adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, wọ́n tún máa ń kó amọ̀ jọ láti fi ṣe ilẹ̀ kékeré láàárín omi. Ìtàn ibẹ̀ ní tìtorí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú fún Dáhọ̀mì ni wọ́n ṣe sá lọ gbé orí omi. Ẹ ẹ̀ rí i pé ilé orí òpó ti fìgbà kan jẹ́ odi ìlú.

Mákòkó lójú ọ̀sà Èkó, ọmọ ìyá Ganvié ni, nítorí ọ̀pọ̀ Ègùn ló tẹ̀ ẹ́ dó pẹ̀lú àwọn Ìlàjẹ. Níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ fi iyẹ̀ pákó láti àwọn ilé ìlagi Òkòbàbà tó wà nítòsí wọn dí omi, wọ́n sì da yanrìn lé e. Ilẹ̀ náà di ilẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyẹ̀ pákó máa ń jẹrà. Bó bá jẹrà tán, ilẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà síbẹ̀.

AYÉTÒRÒ

Ní oṣù kìíní 1947, àwọn Aládùúrà kan láàárín àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn kó jọ, wọ́n lọ tẹ ìlú dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun gan-an. Wọ́n pè é ní Ayétòrò. Wọ́n rì òpó, wọ́n fi pákó la títì gbọọrọ. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ná. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ sápò. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe ọṣẹ, wọ́n rán bàtà. Iná mànàmáná dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ará ibòmíràn ń wá wòran. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọwọ́ káfíńtà ló kọ́ ìlú náà.

Lónìí ńkọ́? Òkun ń jẹ Ayétòrò. Ó ti kó ọ̀pọ̀ ilé lọ, ó ti kó ilé ìwé, ó dé ibi tí wọ́n sin òkú sí. Ìdílé mìíràn ti tú ilé palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń sún sẹ́yìn. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ògiri òkun fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwé ni wọ́n rí. Wọn ò rí òkúta.

Àbí ọgbọ́n òpó ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni? Ó ṣiṣẹ́. Ohun tó yí padà ni omi. Àkọ́kọ́, etíkun Ìlàjẹ kò ní yanrìn tó máa gbà á sílẹ̀ bíi ti Badagry àti Lẹ́kí. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, ìgbì sì tètè ń jẹ ẹrẹ̀. Ìkejì, nígbà tí epo rọ̀bì dé, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ láti inú òkun wọ inú ẹrẹ̀ ní apá Awóyè. Omi iyọ̀ gba ọ̀nà yẹn wọlé, ó pa igi tó mọ omi dídùn nìkan. Bí igi bá kú, gbòǹgbò tó di ẹrẹ̀ mú á jẹrà, ẹrẹ̀ á tú. Ìkẹta, òkun gbogbo ayé ń ga sí i nítorí ooru tó ń pọ̀ láyé, yìnyín tó ń yọ́ àti omi tó ń wú bó ti ń gbóná. Láti 1900, ó ti fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga sí i. Ẹ la ìka ọwọ́ yín láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ìyẹn náà ni. Lójú ẹni tó wà ní Ìbàdàn, kò tó nǹkan. Lójú ẹni tí pákó ilé rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ sí omi, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

TA LÓ KỌ́KỌ́ DÍ Ọ̀NÀ YANRÌN LÉKÒÓ?

Ẹ jẹ́ ká wálé sí Èkó báyìí, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ilẹ̀ etí omi jù.

Ìgbì òkun wa kì í gbá etíkun lójú gbọọrọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń wá, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Bó ṣe ń gbá etíkun ló ń ru yanrìn, láti apá Badagry, ó di Èkó, ó di Lẹ́kí. Ẹ fi wé alábàárù tó ń ru gàrí láti orí ìsọ̀ dé orí ìsọ̀. Ó ń já díẹ̀ síbí, ó ń gbé díẹ̀ níbí. Kálukú ń rí tirẹ̀ gbà.

Ẹnu odò Èkó kò jìn nígbà náà, yanrìn ń dí i, ọkọ̀ òyìnbó kò lè wọlé wọ̀ọ́rọ́wọ́. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta gígùn wọ inú òkun lọ́tùn-ún lósì ẹnu odò náà. Ọkọ̀ ráyè wọlé. Apapa di èbúté ńlá, ọjà wa sì gbèrú. A ò ní purọ́, a jèrè níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti dí alábàárù lọ́nà. Yanrìn kóra jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn ògiri náà, ilẹ̀ ibẹ̀ ń pọ̀ sí i. Apá ìlà oòrùn, ìyẹn Bar Beach, kò rí yanrìn gbà mọ́, ìgbì ò sì yé kó èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Ju kìlómítà kan lọ ni òkun fi wọlé níbẹ̀. Ìjọba ń da yanrìn síbẹ̀, òkun ń kó o. Wọ́n dà á lọ́dún yìí, wọ́n tún dà á lọ́dún mìíràn. Àwọn tó ń gba títì Ahmadu Bello ní Victoria Island mọ̀ bí òkun ṣe ń wọ ojú títì wá bá mọ́tò.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí wọ́n mọ ògiri ńlá, kí wọ́n sì da yanrìn sẹ́yìn rẹ̀ kó di ìlú tuntun. Eko Atlantic nìyẹn. Oṣù kejì 2013 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Ìlú tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá níbùú-lóòró ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi yanrìn kọ́ síbẹ̀. Títì Ahmadu Bello rí ìsinmi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2012, ìgbì ya wọ àwọn ilé pákó tó wà ní Kuramo, ó gbé èèyàn lọ. Àwọn ará Òkun Alfa, níwájú díẹ̀ sí i lápá Lẹ́kí, ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ògiri yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni òkun ti kọjú ìjà sí àwọn. Àwọn tó kọ́ ọ ní àwọn kàn dá etíkun padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Kí olúkúlùkù fi ọgbọ́n orí rẹ̀ wò ó. Èyí tó dájú ni pé ìgbì tó bá kọlu ògiri kì í kú síbẹ̀. Ibi tí kò sí ògiri ló ń yà sí. Ẹni tó lówó ń ra ògiri, aládùúgbò rẹ̀ ló ń gba omi.

Ẹ sì tún rántí Maroko. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó o palẹ̀. Èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 di aláìnílé. Lára ohun tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí. Ilé olówó ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Omi tó fẹ́ gbé tálákà, ṣé kò mọ olówó ni?

KÍ NI KÍ Á ṢE?

N kò ní kí gbogbo wa lọ máa gbé orí òpó o. Ilé orí òpó ní wàhálà tirẹ̀. Iná tètè ń jó o. Omi tó yí i ká kò ṣeé mu, ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń bọ́ sínú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò lópin. Ní 2013, ayàwòrán ilé kan, Kunlé Adéyẹmí, fi igi àti àwọn àgbá ike kọ́ ilé ìwé alájà mẹ́ta tó ń léfòó lójú omi ní Mákòkó. Gbogbo ayé ló yìn ín. Ní oṣù kẹfà 2016, òjò ńlá kan wó o lulẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ilé tó bá wà lórí omi, ojoojúmọ́ ni à ń wò ó. Àwọn tó ń pààrọ̀ òpó kọ̀ọ̀kan bó ti ń jẹrà ti mọ èyí tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè nǹkan márùn-ún yìí.

Èkíní, kí ni orúkọ àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀? Kì í ṣe orúkọ tí onílẹ̀ kọ sára pátákó o. Ẹ bi àwọn apẹja àti àwọn àgbà àdúgbò. Bí odò, ọ̀sà tàbí àbàtà bá wà nínú orúkọ náà, àwọn tó sọ ọ́ kò ṣàwàdà.

Èkejì, ẹ má lọ wo ilẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ lọ ní oṣù keje, nígbà tí òjò bá pọ̀, kí ẹ tún lọ ní oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ tó gbẹ ní January lè di odò ní July. Bí onílẹ̀ bá ń kán yín lójú pé ẹ gbọ́dọ̀ sanwó kí òjò tó dé, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń sá fún.

Ẹ̀kẹta, kí ni wọ́n fi dí i? Ẹ mú bíríkìlà yín dání, kó gbẹ́ ihò tó jìn tó ìdúró ọkùnrin. Bó bá jẹ́ yanrìn ló rí dénú, ó dára díẹ̀. Bó bá jẹ́ iyẹ̀ pákó tàbí pàǹtírí ló wà lábẹ́ yanrìn, ilẹ̀ yẹn á rì, ilé yín á sì bá a lọ.

Ẹ̀kẹrin, níbo ni omi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà lọ? Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà rẹ̀ láìla gọ́tà fún un, á wá ọ̀nà náà wá, ẹnu ọ̀nà yín ló máa gbà. Bó bá sì jẹ́ fẹ́ǹsì yín ló dí i, inú ilé aládùúgbò ló máa yà sí. Ohun tí ògiri òkúta ṣe fún Bar Beach náà nìyẹn, kékeré ni tiwa.

Ẹ̀karùn-ún, ṣé ìjọba kò tíì gba ilẹ̀ náà? Ẹ mú ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba, kí ẹ má gba ẹnu ọmọ onílẹ̀ nìkan gbọ́. Katakata kì í bèèrè iye oṣù tí èèyàn fi dá àjọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá bíríkìlà àti káfíńtà, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Bí oníbàárà bá mú yín dé ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó ní kí ẹ gbé alájà mẹ́ta sí i, ẹ má torí owó sọ pé ó dára. Ẹ sọ fún un pé kó gbé ilẹ̀ ilé sókè sórí òpó kọnkéré, kí omi rí ìsàlẹ̀ gbà. Ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí ilé fúyẹ́. Bó bá bínú lọ, orúkọ yín ò ní sí lára ilé tó wó.

Ìjọba náà, a ò gbàgbé yín. Àwọn ará Ayétòrò ò ní kí ẹ wá kọ́lé fún àwọn. Wọ́n mọ ilé kọ́ kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni òkúta tí yóò dá ìgbì dúró, èyí tí ẹ ti ṣe ìlérí rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa kó o wá, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìgbì yẹn máa yà sí, kó má lọ jẹ́ pé abúlé kejì ni yóò san gbèsè ìlú kìíní.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí omi bá ti lé kúrò nílé rí, tàbí tó mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kọ́lé létí omi ní ìlú tirẹ̀, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ojú ewé yìí. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, àwa á tún un ṣe. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi owó ara wa ra ẹkún o.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.